Ìdúnkookò Ni Kí Ọlọ́pàá Máa Lé, Kí Wọ́n Fi Èébú Sílẹ̀ Fún Kọ́ọ̀tù

Ẹ̀yin Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ọ̀rọ̀ àwọn tí ọlọ́pàá ń gbé torí nǹkan tí wọ́n kọ sórí Facebook, X àti TikTok yìí ló ń dùn mí tí mo fi ní kí n kọ̀wé sí yín, torí mo ń rí àwọn tó ń sọ pé ó dáa bẹ́ẹ̀, pé ẹnu àìmẹ́nu ló ń kó bá àwọn ọ̀dọ́ ìsìnyí, kí wọ́n máa kó wọn lọ kí wọ́n lè gbọ́n. Èmi ò gbà. Mi ò fẹ́ràn èébú rárá, wọn ò tọ́ mi bẹ́ẹ̀, àmọ́ kí èèyàn ya aláìlẹ́kọ̀ọ́ ò sọ ọ́ di ọ̀daràn.

Abala 24 nínú òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 ni wọ́n sábà máa ń lò. Bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ kọ ọ́, tó o bá gbé irọ́ síta láti fi bí ẹnì kan nínú tàbí láti fi wọ́ ọ nílẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún 3 ni, tàbí mílíọ̀nù 7 náírà, tàbí méjèèjì pọ̀. Kọ́ọ̀tù ECOWAS, ìyẹn kọ́ọ̀tù àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, sọ ní oṣù kẹta ọdún 2022 pé abala yẹn tako ẹ̀tọ́ tí èèyàn ní láti sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí Nàìjíríà lọ tún un ṣe. Ó di 2024 kí wọ́n tó tún un ṣe, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ ìbínú àti ìwọ̀sí kúrò níbẹ̀, ohun tó kù ni àwòrán ìhòòhò àti irọ́ tí èèyàn mọ̀ dájú pé irọ́ ni, tó fi fẹ́ dá ìlú rú tàbí tó lè fi ẹ̀mí ẹnì kan sínú ewu.

Ẹ wá wo àwọn tí wọ́n ti fà lọ. Ní 2022, ọmọ yunifásítì kan ní Dutse kọ ọ̀rọ̀ kan nípa ìyàwó ààrẹ ìgbà yẹn sórí Twitter, wọ́n gbé e lọ Àbújá, ìgbà tí gbogbo ayé pariwo ni wọ́n tó fa ẹjọ́ yẹn padà. Ní 2023, obìnrin kan l'Ékòó sọ lórí Facebook pé tòmátò inú agolo kan ti dùn jù, pé ṣúgà ló pọ̀ nínú ẹ̀, ọlọ́pàá mú un l'Ékòó, wọ́n tún gbé òun náà lọ Àbújá. Tòmátò o! Ní oṣù Kejìlá 2024, lọ́yà Délé Fárótìmí, Èkó ni wọ́n ti mú un lọ Adó-Èkìtì torí Olóyè Afẹ́ Babalọlá ní ó ba òun lórúkọ jẹ́. Bàbá lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ẹjọ́ kí adájọ́ gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, àmọ́ kí ni wọ́n ń ti èèyàn mọ́lé sí? Nígbà tó yá, àwọn ọba wa, Ọ̀ọ̀ni náà wà níbẹ̀, lọ bẹ bàbá, wọ́n gbà, wọ́n sì fa ẹjọ́ náà padà ní oṣù Kìíní 2025. Ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí yẹn ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ẹ̀ rèé. Ọmọbìnrin kan wà ládùúgbò wa tó ń ta aṣọ lórí WhatsApp, ọkùnrin tí wọ́n jọ ń fẹ́ra tẹ́lẹ̀ gbé àwòrán ìhòòhò ẹ̀ síta, ó ń fi ránṣẹ́ sí àwọn kọ́sítọ́mà ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó lọ stéṣọ̀n. Wọ́n ní kó mú owó epo wá káwọn lè wá ọkùnrin náà lọ, ó mú un wá, wọ́n ní kó padà wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó padà wá, wọ́n wá ní ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, kí wọ́n lọ parí ẹ̀ nílé. Ọmọ yẹn ò tajà mọ́ títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Torí irú ẹ̀ gan-an ni abala 24 ṣe wà, àmọ́ kò mọ sẹ́nétọ̀, kò ní lọ́yà tó máa bá a kọ pẹtíṣàn lọ Àbújá, nítorí náà òfin ò ríṣẹ́ ṣe fún un.

Mi ò sọ pé kò ní ààlà o. Lọ́dún 2024 náà, obìnrin ọmọ Nàìjíríà kan ní Kánádà sọ ọ́ lórí TikTok pé kí wọ́n máa fi májèlé pa àwọn Yorùbá àtàwọn ará Benin, ọlọ́pàá Toronto mú un, wọ́n sì fẹ̀sùn ìdúnkookò mọ́ ẹ̀mí kàn án. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Láàárín àsìkò yẹn náà làwọn kan gbé e sórí X pé kí àwọn Igbo kó ẹrù wọn kúrò l'Ékòó, èyí náà ò dáa, àwa Yorùbá ò sì gbọ́dọ̀ dákẹ́ torí pé ọmọ wa ló sọ ọ́. Irú ọ̀rọ̀ tó lè mú kí wọ́n dáná sun ṣọ́ọ̀bù onítọ̀hún lọ́la ni kí ọlọ́pàá tọpa ẹ̀, kódà tó bá di ọ̀gànjọ́ òru.

Àmọ́ èébú? Ìbàdàn ni mo ti ń kọ̀wé, ṣé a ò mọ ọdún Òkèbàdàn mọ́ ni? Wọ́n á kọrin èébú la gbogbo ìgboro já, orin tí mi ò lè kọ síbí, wọ́n á bú olówó, wọ́n á bú ìjòyè, kò sẹ́ni tó máa pe ọlọ́pàá.

Àwọn kan á ní bíba èèyàn lórúkọ jẹ́ ṣì wà nínú òfin ọ̀daràn láwọn ìpínlẹ̀ kan. Òótọ́ ni, kí àwọn aṣòfin wa yọ ọ́. Kí wọ́n tó yọ ọ́, kí àwọn kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá pàṣẹ pé ìwé ni kí wọ́n fi pe ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn ọ̀rọ̀ ẹnu kàn, kó tọ ẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá pẹ̀lú lọ́yà ẹ̀, kí wọ́n má sì gbé e kúrò ní ìpínlẹ̀ tó ń gbé.

Ẹ̀yin náà, Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tẹ abala 32 òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 jáde ní Yorùbá, èyí tó ní ọlọ́pàá ò gbọ́dọ̀ mú èèyàn torí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn. Ẹ fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sí ojú ìwé àkọ́kọ́ kí àwọn ará ọjà lè gé e mọ́ra.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti Mọ́níyà, Ìbàdàn.