Ẹ Gba Ọ̀nà Oko Wa Lọ́wọ́ Agbégilódò

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Láàárọ̀ Sátidé tó kọjá, díẹ̀ ló kù kí agbégilódò tẹ ọmọ ọmọ mi pa lórí ọ̀nà oko. Mi ò sọ títì ọlọ́dà o. Ọ̀nà yangí tó gba ẹ̀yìn òkè jáde ní Òkèmẹ̀sí ni mò ń wí, ọ̀nà tó jẹ́ pé láyé ìgbà kan, téèyàn bá gbọ́ ìró ọkọ̀ níbẹ̀, yóò dúró wò ó. Èmi àti ọmọ náà wà lórí kẹ̀kẹ́ wa, òun ló ṣíwájú. A ń sọ̀ kalẹ̀ níbi kọ́nà kan tí igi kòkó ti bo ọ̀tún bo òsì, àfi bí ọkọ̀ ṣe yọ sí wa lójijì. Awakọ̀ náà kò fọn fèrè, kò sì tẹ bíréèkì. Ọmọ náà já sí kòtò, ẹsẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ká, orúnkún rẹ̀ méjèèjì bó. Ọkọ̀ kò dúró. Ìtì igi arère mẹ́rin ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo kà wọ́n bó ṣe ń gun òkè lọ, torí pé n kò rí nọ́ńbà kankan lára rẹ̀ tí mo lè kà.

Láti kékeré ni mo ti mọ àwọn ọ̀nà wọ̀nyí. Kẹ̀kẹ́ Raleigh ni bàbá mi fi ń kó kòkó láti oko wá sí ibi ìwọ̀n, àpò kan lẹ́yìn, èmi lórí irin iwájú. Yangí pupa, òkúta wẹ́wẹ́, ibòji láti ìsàlẹ̀ òkè títí dé òkè, omi tútù níbi tí odò bá ti dábùú ọ̀nà. Àgbẹ̀, ọdẹ, àwọn ìyá tó ru epo pupa, àwọn ọmọ iléèwé: àwọn nìkan leèyàn ń pàdé. Ní báyìí, tí ọyẹ́ bá ti dé, àwọn ọ̀dọ́ ń wá láti Ìbàdàn àti Èkó pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ tí táyà rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀, tó sì ní eyín kéékèèké. Wọ́n ń gba àárín oko wa gun òkè, wọ́n ń béèrè ibi tí wọ́n ti ja ogun Kírìjì, wọ́n ń jẹ iyán, àwọn kan ń sùn mọ́jú. Mo bi ọ̀kan nínú wọn pé kí ló dé tó fi ilé sílẹ̀ wá wa kẹ̀kẹ́ níhìn-ín. Ó ní, "Bàbá, láti àárọ̀, kò tíì sí ọkọ̀ kan tó fọn fèrè lẹ́yìn mi." Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí dòní.

Gbogbo ẹni tó ń ka lẹ́tà yìí ló mọ títì ọlọ́dà tó ti Ìwáràjà gba Ẹ̀fọ̀n-Aláayè bọ́ sí Ìtáwúrẹ́. Òkè lápá kan, ọ̀gbun lápá kejì, kọ́nà lórí kọ́nà, tírélà ń sáré bọ̀ láti iwájú. Ta ni yóò ní kí ọmọ ọdún mọ́kànlá gbé kẹ̀kẹ́ síbẹ̀? Ọ̀nà yangí nìkan ló kù fún wa, òun náà ni wọ́n sì yọ̀ǹda fún agbégilódò àti típà oníyanrìn.

Mo sọ pé wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀, torí ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ti lọ sọ fún àwọn tó yẹ kó gbọ́. Ẹni àkọ́kọ́ ní ọ̀nà tí kò bá ní ọ̀dà kò sí lábẹ́ òun. Ẹnì kejì ní kí n kọ ìwé wá. Mo kọ ọ́, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, n kò gbúròó ìwé náà mọ́. Ẹnì kẹta sọ fún mi pé ó yẹ kí inú mi dùn pé ọkọ̀ ńlá ń wọ oko wa, pé ìdàgbàsókè ni. Ìdàgbàsókè wo ló ń ti ọmọ sí kòtò? Inú ọkọ̀ tó ti gíláàsì mọ́rí làwọn aláṣẹ yìí ń jókòó sí, wọn kò fi ẹsẹ̀ tẹ yangí rí. Ọmọ ló fẹ́ kú, Olóòtú! Ọmọ ló fẹ́ kú lórí ọ̀nà oko bàbá ńlá rẹ̀.

Ọ̀nà náà fúnra rẹ̀ ń kú lọ. Yangí tí ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún le bí kọ̀ǹkéré. Ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ tó ru ìtì igi bá gba orí rẹ̀ lẹ́yìn òjò lẹ́ẹ̀kan péré, táyà rẹ̀ á la ipa méjì sílẹ̀. Òjò tó tún bá rọ̀ á gba inú ipa yẹn sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, kò sì ní pẹ́ tí ipa á fi di kòtò tó mu èèyàn dé orúnkún. Ibì kan wà tí àwọn ìyá arúgbó ti ń gba inú oko olóko kọjá báyìí. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá DFRRI, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ, ọ̀nà àti ohun amáyédẹrùn ìgbèríko, sílẹ̀ ní 1986, tí ariwo ọ̀nà ìgbèríko gba ìlú kan, irè oko ni wọ́n ní kó máa gba ibẹ̀ jáde. A ò gbọ́ gẹdú.

Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀: kí wọ́n ri òpó. Ní ẹnu ọ̀nà oko kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí a ri òpó kọ̀ǹkéré méjì sí ẹ̀gbẹ́, kí àlàfo tó wà láàárín wọn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méje. Láàárín gan-an, kí a fi òpó irin kan sí i tó ṣeé yọ, tí a ó fi àgádágodo tì. Kẹ̀kẹ́ àti ẹlẹ́rù yóò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ìrọ̀rùn, ọ̀kadà tó gbé àgbẹ̀ náà yóò kọjá, n kò bá ìyẹn jà. Lọ́jọ́ tí kòkó bá fẹ́ jáde, wọ́n á yọ òpó àárín, píkọ́ọ̀pù á wọlé. Agbégilódò kò ní lè wọlé bí wọ́n tilẹ̀ yọ ọ́, torí ó fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà méje lọ. Kí kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ baálẹ̀, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ olórí àwọn àgbẹ̀ olókòkó, kí ẹ̀kẹta wà ní ilé ìwòsàn, nítorí aláboyún àti ẹni tí ejò bá bù jẹ. Kí wọ́n má ri òpó sí ibi gbalasa tí awakọ̀ lè yà á sílẹ̀ kó gba inú igbó. Ibi tí àpáta bá ti há ọ̀nà mọ́, tàbí orí afárá, ni kó wà. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa ti ní àwọn yóò gbẹ́ ihò rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Sìmẹ́ńtì àti irin nìkan ló kù, owó rẹ̀ kò tó owó epo tí wọ́n ń sun lọ sí ìpàdé.

Kí àwọn aṣọ́gbó yẹ ìwé àwọn agégẹdú wò. Kí wọ́n la kòtò àgbàrá síbi tí ọ̀nà bá ti dagun.

Kí ẹnikẹ́ni má sì wá sọ pé òun fẹ́ da ọ̀dà sí i fún wa. Lọ́jọ́ tí ọ̀dà bá dé orí ọ̀nà náà ni tírélà á tẹ̀ lé e.

Kẹ̀kẹ́ ọmọ ọmọ mi ṣì wà lọ́dọ̀ alátùnṣe. Lánàá, ó bi mí pé ọjọ́ wo la tún ń lọ. Mo ní ó dọjọ́ tí òpó bá wọlẹ̀. Ó wá bi mí pé ta ló máa rì í.

Emi ni tiyín,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Òkèmẹ̀sí-Èkìtì.