Ẹni tó ń ka oògùn fún wa, ta ló kọ́ ọ?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, mo bá ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ra oògùn làkúrègbé ní kẹ́míìsì kan ní Adó-Èkìtì. Methotrexate ni dókítà kọ fún wọn: hóró mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́sẹ̀, hóró 16 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà da hóró yẹ́lò náà sí àtẹ́lẹwọ́ lásán, ó fi ìka kà wọ́n sórí àwo, ó rọ́ wọn sínú ọ̀rá, ó wá fi bírò kọ ọ́ sára rẹ̀ pé "mẹ́rin lójúmọ́." Kó tó fún mi ní ṣéńjì, ó ti ń ka parasitamọ́ọ̀lù fún ẹlòmíràn lórí àwo kan náà. Oyún inú ọmọbìnrin tó ń ta oògùn yìí á tó oṣù márùn-ún.

Ọdún 32 ni mo fi ṣe iṣẹ́ pharmacy technician, ìyẹn ẹni tó ń ran apòògùn lọ́wọ́, kí n tó fẹ̀yìn tì. Àyà mi já.

Ṣé ẹ rí i, oògùn tí wọ́n ń fà sára alárùn jẹjẹrẹ ni methotrexate. Díẹ̀ táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń lò fún làkúrègbé. Bí ènìyàn bá ń gbé e mì lójoojúmọ́, ẹnu rẹ̀ á bó, mùdùnmúdùn inú eegun tó ń pèsè ẹ̀jẹ̀ á ṣíwọ́ iṣẹ́, ikú ló sì máa ń yọrí sí nígbà mìíràn. Oògùn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ẹ̀gbọ́n mi ì bá tán láàárín ọjọ́ mẹ́rin! Ó tún ń ba oyún jẹ́, ó lè sọ ọmọ inú di alábùkù ara. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wọ ìbọ̀wọ́ ká tó kà á. Àwo tirẹ̀ máa ń dá wà ni. A kì í lọ̀ ọ́, a kì í gé e sí méjì, aláboyún kì í sì í fọwọ́ kàn án rárá.

Mo fa ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì ṣàlàyé fún un. Ó ní, "Mọ́mì, oṣù keje tí mo débí rèé, kò sẹ́ni tó sọ fún mi." Ìwé mẹ́wàá ló kà, kò kọ́ iṣẹ́ oògùn níbì kankan. Mi ò lè bínú sí i. Ẹni tó gbé e sídìí káńtà ni mo ń bá wí.

Òfin wà. Àjọ PCN, tó ń mójú tó iṣẹ́ oògùn ní Nàìjíríà, ló ń forúkọ technician sílẹ̀, tó ń fún un níwèé àṣẹ, abẹ́ apòògùn ló sì gbọ́dọ̀ ti máa ṣiṣẹ́. Ní Ìjerò-Èkìtì, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ wa níṣẹ́ yìí, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ olówó ṣọ́ọ̀bù ò gbà wọ́n nítorí owó oṣù. Láti 2018 tí ìjọba ti fòfin de omi ikọ́ oníkodíìnì, kodíìnì àti tramadol nìkan la ń pariwo. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi náà ti lé ọlọ́kadà tó wá ra tramadol láìmú ìwé dókítà wá. Ṣùgbọ́n oògùn tó ń pani láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fẹ́ lò ó bí ọtí láti fi yó ńkọ́?

Mo bẹ iléeṣẹ́ ìlera Ìpínlẹ̀ Èkìtì àti ẹgbẹ́ àwọn apòògùn: ẹ rán ènìyàn sí àwọn kẹ́míìsì wọ̀nyí, kó jókòó ti àwọn tó ń ka oògùn gan-an, kì í ṣe ọ̀gá wọn nìkan. Ẹ̀yin òǹkàwé náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa fi ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀rá wé ìwé ilé ìwòsàn kí ẹ tó kúrò nídìí káńtà.

Lọ́jọ́rú, mo gbé páálí ìbọ̀wọ́ kan lọ fún ọmọ náà. Ó gbà á, ó dúpẹ́, ó wá rọra bi mí bóyá ọmọ inú òun ti fara gbá nínú èyí tóun ti kà sẹ́yìn. Mo ní kó lọ sọ gbogbo rẹ̀ fún nọ́ọ̀sì níbi tó ti ń gba ìtọ́jú oyún. Mi ò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ náà.

Èmi ni,
Technician tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìjerò-Èkìtì.