Ọ̀rọ̀ Sí Àwọn Oníbàárà Wa: Ìdí Tí Ìrìn Òru Òṣùpá Ìbẹ̀rẹ̀ Ìrúwé Fi Yí Padà

Ẹ̀yin oníbàárà wa àtàtà,

A kí yín o. A mọ̀ pé inú ń bí ẹlòmíràn sí ìkéde tí a ṣe. Èèyàn 20 tí à ń kó lọ sórí òkè fún ìrìn òru òṣùpá àrànmọ́jú ti di 12, owó ti lọ sókè, bí ojú ọjọ́ bá sì bàjẹ́, a ò ní sún un sí ọjọ́ kejì mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù kà á tán kí ẹ tó dá wa lẹ́jọ́.

Ọ̀rọ̀ irin eléyín tí à ń so mọ́ abẹ́ bàtà ló dùn wá jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìrúwé, nígbà tí òtútù ń parí lọ, oòrùn ọ̀sán ń yọ́ òjò dídì, omi á ṣàn wá sójú ọ̀nà, ilẹ̀ á di ẹrẹ̀. Tí oòrùn bá ti wọ̀, gbogbo omi yẹn á dì padà, ojú ọ̀nà á máa yọ̀ bí ẹni fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ẹni tí kò bá ní eyín irin lábẹ́ ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ lálẹ́. Bẹ́ẹ̀, àsìkò yìí gan-an ló ń ba irin náà jẹ́ jù: ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lórí yìnyín, mẹ́wàá lórí òkúta lásán, mẹ́wàá nínú ẹrẹ̀. Òkúta á mú kí eyín rẹ̀ kú. Òjò dídì tó rọ̀ á lẹ̀ mọ́ ẹ̀wọ̀n rẹ̀ títí yóò fi di kókó lábẹ́ ẹsẹ̀, tí ẹsẹ̀ á sì yẹ̀. Rọ́bà tó di bàtà mú náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ya láti ibi ihò tí ẹ̀wọ̀n gbà wọlé.

Èyí tí ẹni tó ń tajà fún wa kó wá lọ́tẹ̀ yìí, rọ́bà rẹ̀ ń gan nínú òtútù. Tí a bá fà á díẹ̀, ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ á yọ létí ihò náà. Ibẹ̀ ni yóò ti já, ní àárín òkè. Ó tún fowó lé e. A dá gbogbo rẹ̀ padà. Lọ́wọ́ ẹlòmíràn tí a ti rí èyí tó dára, owó wa kò ká ju 16 lọ: 12 fún yín, méjì fún àwọn afinimọ̀nà, méjì fún ìpamọ́. A ò ní fi ẹsẹ̀ oníbàárà dán rọ́bà wò láé. Owó tó lé kò wọ àpò wa.

Ní ti sísún ọjọ́, àwa kọ́ là ń darí òṣùpá. Lọ́jọ́ tó bá kún, nǹkan bí ìgbà tí oòrùn ń wọ̀ ló ń yọ. Lẹ́yìn náà, ojoojúmọ́ ló máa ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ìrúwé, ní àwọn ilẹ̀ tó jìnnà sí agbedeméjì ayé, ó ń ju wákàtí kan lọ, ó sì tún gbọ́dọ̀ ga kọjá orí òkè kó tó tàn sójú ọ̀nà. Inú òkùnkùn àti òtútù lẹ ó ti dúró dè é. Bí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run, a ó dá owó yín padà.

Ẹ̀yin tó ń bínú nítorí pé a ní kí ẹ má tan fóònù lójú ọ̀nà, ẹ gbọ́ tiwa. Ìmọ́lẹ̀ òṣùpá tó kún jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú 400,000 ti oòrùn. Ojú nílò ìṣẹ́jú 20 sí 30 kó tó mọ òkùnkùn lára. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹnì kan bá tan fóònù, ti gbogbo ẹni tó wà nítòsí rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì orí tó ní iná pupa wá, kí ẹ fi bátìrì kejì sínú àpò tó sún mọ́ ara, torí òtútù ń mú kí agbára rẹ̀ tètè tán. Ẹ má wọ aṣọ òwú sínú: òógùn á dúró sínú rẹ̀, yóò sì tutù mọ́ yín lára tí ẹ bá dúró.

Ẹni tó ti sanwó kò ní fi kọ́bọ̀ kún un. Ẹni tí àyè kò bá kàn, orúkọ rẹ̀ ni yóò ṣáájú nígbà tí òṣùpá bá tún kún, lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 29 àti ààbọ̀.

Tiyín ní tòótọ́,
Ẹni tó ni ilé iṣẹ́