Yíyàn lẹ́yìn BAC: ẹ má fi í lé oní-kọ̀ǹpútà lọ́wọ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú akitiyan lórí èdè wa. Gbogbo ìgbà tí àbájáde BAC, ìdánwò àṣekágbá girama ní Bẹ̀nẹ̀, bá jáde ni àwọn ìwé ìròyìn máa ń gbé àwòrán àwọn ọmọ tó yege, inú wa a sì máa dùn sí i. Ẹ̀bẹ̀ tí mo fẹ́ bẹ̀ yín ni pé kí ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ohun tó kàn lẹ́yìn ayọ̀ yẹn, ìyẹn yíyan ẹ̀kọ́ tí ọmọ máa kà ní yunifásítì, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń pàdánù.

Ní Kétu níbí, ní Bẹ̀nẹ̀, ni mo ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kékeré kan, níbi tí mo ti ń tẹ̀wé, tí mo ń ṣe fọ́tòkọ́pì, tí mo sì ń bá àwọn ènìyàn forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí ìkànnì apresmonbac.bj, níbi tí àwọn ọmọ tó yege ti ń yan ẹ̀kọ́ tí wọ́n fẹ́ kà, bá ti ṣí, èrò a máa pọ̀ débi pé àga kì í tó. Bàbá á wọlé tòun ti ọmọ rẹ̀, á fa ìwé tí nọ́ńbà tábìlì ìdánwò ọmọ wà nínú rẹ̀ yọ, á ní: “Ìyá oní-kọ̀ǹpútà, ẹ bá wa fi èyí tó bá dáa síbẹ̀.” Ọmọ fúnra rẹ̀ á dúró lẹ́yìn, á máa wolẹ̀. Tí mo bá bi í pé kí ló fẹ́ kà, á ní dókítà, tàbí kó ní ohunkóhun tí wọ́n bá fún òun. Mo bi ọmọbìnrin kan léèrè iye tó gbà nínú SVT, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí àti ilẹ̀. Kò rántí. Mo ní kó mú rèlèvé rẹ̀, ìwé tí wọ́n kọ máàkì rẹ̀ sí, wá ká jọ wò ó. Ó ní ó wà nínú àpótí ìyá òun, ìyá ti tì í pa kó má baà sọnù, ó sì ti lọ sí ọjà.

Ọ̀pọ̀ òbí rò pé fọ́ọ̀mù lásán ni, pé ẹnikẹ́ni tó bá ti mọ kọ̀ǹpútà lè kọ ọ́. Èrò yẹn ló ń kó bá wa, nítorí ohun tí ọmọ bá kọ síbẹ̀ ni wọ́n fi ń pín àyè. Yunifásítì ìjọba mẹ́rin la ní ní Bẹ̀nẹ̀: ti Àbómẹ̀-Kàláfí, ti Pàràkú, UNSTIM, ti sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀rọ, tó wà ní Àbómẹ̀, àti UNA, ti ìmọ̀ oko, tó wà ní Kétu tiwa níhìn-ín. Àwọn fákọ́tì kan wà níbẹ̀ tí ilẹ̀kùn wọn fẹ̀, tí wọ́n ń gba èrò púpọ̀. Àmọ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ti ẹ̀rọ, ti ìṣirò owó àti irú wọn, iye àyè tí wọ́n ní kò pọ̀, ibẹ̀ sì ni gbogbo ayé fẹ́ wọ̀. Irú BAC tí ọmọ ṣe ló kọ́kọ́ ń sọ ilẹ̀kùn tó lè kàn. Ẹni tó ṣe A2, tó jẹ́ ẹ̀ka lítíréṣọ̀, kò lè sọ pé ìṣègùn lòun fẹ́. Ti àwọn C àti D, àwọn ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì, nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá wo máàkì. Kì í sì í ṣe àpapọ̀ nìkan ni wọ́n ń wò, wọ́n á wo ohun tó gbà nínú àwọn iṣẹ́ tí ẹ̀ka yẹn dúró lé. Wọ́n á to àwọn ọmọ láti òkè wá sílẹ̀. Àwọn tó wà lókè pátápátá ni ìjọba ń fún ní bourse, owó ìrànwọ́ fún ẹ̀kọ́. Àwọn tó tẹ̀lé wọn lè rí àyè, àmọ́ àpò òbí wọn ni owó ilé-ẹ̀kọ́ á ti jáde. Ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n gbà ọ́, ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n gbà ọ́ pẹ̀lú bourse, ọ̀pọ̀ òbí ni kò sì mọ̀ èyí títí tí èsì fi jáde.

Ìdí nìyẹn tí bí ọmọ ṣe to yíyàn rẹ̀ tẹ̀léra fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin kan wà ní àdúgbò wa tó ṣe BAC D, tó yege lẹ́ẹ̀kan náà. Ibòmíràn ni wọ́n ti bá a forúkọ sílẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n yàn fún un pátá ló jẹ́ ibi tí àwọn ọmọ tí máàkì wọn ga jù lọ ń sáré sí. Kò sí ọ̀kan ṣoṣo níbẹ̀ tó bá agbára rẹ̀ mu. Nígbà tó gbé rèlèvé rẹ̀ wá hàn mí lẹ́yìn ọ̀ràn, PCT rẹ̀ (físíìsì àti kẹ́mísìrì) kò dára rárá, ṣùgbọ́n ó gbà dáadáa nínú SVT, ẹ̀ka tí ì bá sì ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn wà. Ohun tó bọ́ sí i lọ́wọ́ ni àyè tí òun fúnra rẹ̀ máa san owó rẹ̀. Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni bàbá rẹ̀ ń gbìn. Níbo ni owó yẹn ti fẹ́ jáde? Zémìjàn, ọ̀kadà akérò, ni ọmọ náà ń wà báyìí. Ó ń kí mi tó bá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá, ó sì ń dùn mí wọra, torí pé ọmọ tó ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ ni. Àwa àgbà la kò ṣe tiwa.

Ohun mìíràn tó ń da orí àwọn òbí rú níhìn-ín ni Nàìjíríà. Kò sí ilé kan ní Kétu tí kò ní ẹbí ní Ìmẹ̀kọ tàbí ní Ìlárá, ohun tí àwọn ẹbí yẹn bá sì sọ lórí fóònù ni àwọn ènìyàn ń mú lò. Wọ́n á ní kí ọmọ lọ jókòó de JAMB, àjọ tó ń ṣètò ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì lọ́dọ̀ wọn. Láti ọdún 1978 ni JAMB ti wà, òótọ́ ni, àmọ́ ètò tiwọn yàtọ̀. Ìdánwò ọ̀tọ̀ ni ọmọ ń ṣe lọ́hùn-ún lẹ́yìn ti girama: iṣẹ́ mẹ́rin, èdè Gẹ̀ẹ́sì di dandan, irínwó sì ni àpapọ̀ máàkì rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀pọ̀ yunifásítì á tún yẹ ọmọ wò fúnra wọn, ọmọ á sì lọ sórí ìkànnì JAMB láti sọ bóyá ó gba àyè tí wọ́n fún un. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. BAC fúnra rẹ̀ ni ìdánwò tí wọ́n fi ń to àwọn ọmọ. Ọmọ tó bá jókòó de ìdánwò mìíràn, ìkànnì á tì mọ́ ọn lójú. Ó ti ṣẹlẹ̀ níhìn-ín rí.

Èmi ò lè kọ lẹ́tà yìí tán kí n má sọ̀rọ̀ nípa UNA. Yunifásítì wà ní ẹnu-ọ̀nà wa, láti ọdún 2016 ló sì ti ń jẹ́ ti orílẹ̀-èdè lápapọ̀. Àwọn ọmọ ń ti ọ̀nà jíjìn wá gba yàrá lọ́wọ́ àwọn ìyá wa kí wọ́n lè kàwé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá dárúkọ rẹ̀ fún ọmọ Kétu tó ṣe D, bàbá rẹ̀ á fa ojú ro. Ọ̀kan sọ fún mi pé: “Ṣé torí kó tún padà sí oko ni mo ṣe rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́?” Mo jẹ́ kó jókòó, mo sì fi ohun tó wà lójú ẹ̀rọ hàn án: ìmọ̀ igbó àti igi, ìmọ̀ ẹran ọ̀sìn, bí a ṣe ń pa irè oko mọ́ tí kò fi ní bàjẹ́ àti bí a ṣe ń sọ ọ́ di ohun títà, èyí tí wọ́n ń kọ́ ní Sàkété, títí dé ọ̀sìn ẹja ní Àjóhùn. Bàbá náà ka gbogbo rẹ̀, ó ní òun kò mọ̀. Báwo ló ṣe máa mọ̀, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un? Mi ò sọ pé kí gbogbo ọmọ Kétu ka ìmọ̀ oko o. Mo ń sọ pé kí ẹni tó bá kọ̀ ọ́ mọ ohun tó kọ̀. Yàrá gbígbà àti oúnjẹ ní Kàláfí, owó kékeré kọ́. Àbúrò mi tó ń kọ́ni ní Ṣábẹ̀ sọ pé bákan náà ló rí lọ́dọ̀ wọn: Pàràkú sún mọ́ wọn ju Kàláfí lọ, síbẹ̀ Kàláfí nìkan ni gbogbo ọmọ ń pè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kíákíá, nítorí àwa oní-kọ̀ǹpútà náà jẹ̀bi níbẹ̀. Àwọn kan nínú wa máa ń fi nọ́ńbà fóònù ara wọn àti ímeèlì ara wọn forúkọ ọmọ sílẹ̀ kí iṣẹ́ lè yá. Tí ọmọ bá wá fẹ́ wo èsì rẹ̀, ó di dandan kó padà wá, kó tún sanwó. Kò dáa. Nọ́ńbà ọmọ tàbí ti ìyá rẹ̀ ni kí wọ́n lò, kí ọ̀rọ̀ aṣínà (password) wà nínú ìwé tí ọmọ ń tọ́jú fúnra rẹ̀, kí wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n yàn jáde kí wọ́n tó kúrò ní ìdí ẹ̀rọ.

Ohun tí mò ń bẹ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa ni pé kí wọ́n má dúró di ìgbà tí èsì bá jáde. Láti ìgbà tí ọmọ bá ti wà ní Terminale, kíláàsì ìkẹyìn girama, ní ìsinmi Kérésì tàbí ti Àjíǹde, ẹ pe àwọn òbí jọ. Ẹ bá wọn sọ ọ́ ní Yorùbá, kí ìyá tó ń ta gàrí lè béèrè ìbéèrè tirẹ̀ láìtijú. Kí ọmọ kọ ohun tó wù ú sórí ìwé, kó kọ èyí tí máàkì rẹ̀ lè gbé e dé, kó kọ èyí tí àpò ilé wọn lè gbà tí kò bá sí bourse, kí òun àti àwọn òbí rẹ̀ sì fẹnu kò lórí rẹ̀ kí wọ́n tó wá sọ́dọ̀ wa.

Ẹ̀yin náà, Olóòtú, ẹ bá wa kọ ọ́ síbi tí ojú máa rí i: BAC wo ló ń ṣí ilẹ̀kùn wo, kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó gba bourse àti ẹni tó máa sanwó, báwo ni ọmọ ṣe ń to yíyàn rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde ṣáájú ìdánwò oṣù kẹfà. Tí ẹ bá ṣe é, màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù mi, màá sì ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún olùkọ́ tàbí òbí tó bá béèrè.

Èmi ni tiyín,
Ìyá oní-kọ̀ǹpútà,
Kétu.