Lẹ́tà sí Màámi: Ẹ ò sọ pé eyín iwájú ni

Màámi,

Mo kúnlẹ̀ o. Ó ti lé lọ́dún kan tí ẹ ti fi wá sílẹ̀, mi ò sì tíì lè kọ nǹkan kan sí yín. Ohun tó mú mi gbé bírò lónìí, eyín ni.

Àkokoro ló ń dà mí láàmú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti ń fi apá ọ̀tún nìkan jẹun. Lọ́jọ́ Ajé, mo lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín níbí ní Houston. Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó fi hàn mí lójú kọ̀ǹpútà: kòkòrò ti jẹ ẹ́ wọnú. Ó ní òun ṣì lè gbà á là, pé root canal ni, ìyẹn ni pé wọ́n á fọ inú eyín náà dé gbòǹgbò, wọ́n á sì dí i, lẹ́yìn náà àwọn á fi ìdérí bò ó. Akọ̀wé wọn tẹ ìwé jáde: 2,850 dọ́là. Nísàlẹ̀ ìwé kan náà, bí a bá yọ ọ́, 260. Ó bi mí pé adójútòfò wo ni mo ní. Mo ní mi ò ní. Ó wá rọra sọ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń ní kí àwọn kúkú yọ ọ́.

Kúkú yọ ọ́. Èsì tí mo fún yín náà nìyẹn.

Oṣù Kọkànlá 2019 ni. Ẹ pè mí láti ìsọ̀ yín ní Òjé, mò ń gbọ́ ohùn àwọn aláṣọ òfì tí wọ́n ń nájà lẹ́yìn yín. Ẹ ní eyín kan ń dùn yín, pé wọ́n ní àwọn lè tún un ṣe, àmọ́ owó rẹ̀ pọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ san owó ilé tán. Mo ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kí wọ́n kúkú yọ ọ́." Ẹ dákẹ́ díẹ̀. Ẹ wá ní, "Ó dáa, Àbẹ̀kẹ́." Mo fi owó yíyọ ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, ọkàn mi sì balẹ̀.

Eyín iwájú ni! Ọ̀kan nínú méjì tí èjí yín wà láàrin wọn. Èjí tí Bàbá fi ń kì yín, tí oníbàárà tí kò mọ orúkọ yín fi ń béèrè Ìyá Eléjìí. Fọ́tò mọ́kànlá tí ẹ yà lẹ́yìn ìgbà náà ló wà nínú fóònù mi, mo kà wọ́n. Nínú gbogbo wọn, ẹ fi etí ìborùn bo ẹnu, tàbí ẹ fi ọwọ́ bò ó, tàbí ẹ pa á dé.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ ò sọ pé iwájú ni? Ẹ mọ̀ pé ti ẹ̀yìn ni mo ń rò. Ǹ bá yáwó. Àbí mi ò ní yá a? Ẹ ò jẹ́ kí n mọ̀. Ìyá ìsọ̀ kejì lẹ sọ fún pé ẹ ò fẹ́ ni mí lára, ọjọ́ ìsìnkú yín ni mo sì tó gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Ó ń bí mi nínú sí yín, Màámi, títí di òní.

Màmá òyìnbó ẹni ọdún 84 kan ni mò ń tọ́jú báyìí. Alaalẹ́ ni mò ń fọ eyín àtọwọ́dá wọn, tí mo ń rẹ ẹ́ sómi nínú ife. Medicare tí ìjọba ń fún àwọn àgbà kò san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, àpò ara wọn ni wọ́n ti san án. Èmi tí wọ́n ń fi wákàtí sanwó fún, ta ló máa fún mi ní adójútòfò? Ẹnì kan ní kí n gba káàdì tí wọ́n fi ń san owó ìtọ́jú díẹ̀díẹ̀. Mo ka ìwé rẹ̀: bí mi ò bá san tán kí ìgbà tí wọ́n dá tó pé, èlé láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n máa kó lé e. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn dókítà eyín wà níbí, akẹ́kọ̀ọ́ ló ń ṣe é lójú olùkọ́, owó wọn sì kéré, ṣùgbọ́n ẹ ó lọ, ẹ ó bọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ọjọ́ tí mi ò bá sì ṣiṣẹ́, kò sówó. Mo ti pè wọ́n. Wọ́n ní kí n máa retí ìpè.

Ọjọ́bọ̀ ni dókítà ń retí èsì mi. Ẹ̀yìn ni tèmi wà, kò sẹ́ni tó máa rí i. Fọ́tò yín wà lórí tábìlì, èyí tí ẹ ti rẹ́rìn-ín tí èjí yọ, ìwé 2,850 náà wà lábẹ́ rẹ̀. Ahọ́n mi ò kúrò lára eyín náà láti àárọ̀.

Ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́