Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Láti Ọ̀dọ̀ Àwa Oní-POP: Ẹ Fún Wa Ní Ilẹ̀ Olókùúta Láti Gbin Ọ̀já Ìkòokò

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa,
Nípasẹ̀ Káńsílọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀ àti àyíká.

Alága wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú làálàá. Àwa ọmọ ẹgbẹ́ tó ń ṣe àjà POP ní agbègbè wa níbí, ní Òkè-Ògùn, la kọ ìwé yìí lẹ́yìn ìpàdé wa. Tọ̀gá tọmọṣẹ́ ló fọwọ́ sí i.

Ilẹ̀ la wá tọrọ. Ilẹ̀ olókùúta tó wà lẹ́yìn ọgbà tí káńsù ń kó ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ sí, èyí tí kò sẹ́ni tó lè kọ ebè sórí rẹ̀, ni ojú wa wà lára rẹ̀. A fẹ́ gbin ọ̀já ìkòokò àti sísàlì síbẹ̀, ewé méjì tó ní fọ́nrán líle nínú, kí a lè máa yọ fáíbà tiwa, ìyẹn fọ́nrán tí a ń tẹ́ sínú POP.

Ẹ lè béèrè pé kí ló kan oní-POP kan ewé gbígbìn. POP fúnra rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹfun. Tí a bá pò ó mọ́ omi, kò pẹ́ tó fi ń di òkúta, ṣùgbọ́n ẹ gbé e ní etí méjèèjì kí ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, á kán wéré bí igbá gbígbẹ. Fáíbà tí a ń tẹ́ sínú rẹ̀ nígbà tó ṣì rọ̀ ló ń dì í mú. Bí ibì kan bá là, fáíbà ni kò ní jẹ́ kí lílà náà lọ jìnnà.

Èyí tí à ń rà lọ́jà, òkè òkun ló ti ń wá. Bí dọ́là bá gbéra, òun náà á gbéra. Nígbà tó bá wọ́n, àwọn kan nínú wa a máa dín in kù, àjà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í já lé onílé lórí. Ojú ń tì wá láti sọ ọ́, àmọ́ òótọ́ ni. Èyí tí wọ́n fi gíláàsì ṣe ń yún ni lára, ó sì ń há ni lọ́fun. Àwọn ọmọṣẹ́ wa ló mọ bí òru ọjọ́ tí wọ́n bá fi í ṣiṣẹ́ ṣe ń rí.

Ọ̀já ìkòokò kò ṣàjèjì sí yín. Ewé rẹ̀ gùn bí idà, ó nípọn, ó ń hù láàárín àpáta níbi tí omi kò pọ̀. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì pàápàá ti ń gbin irú rẹ̀ sínú ìkòkò fún ẹwà. Ẹni tó sọ ọ́ ní ọ̀já mọ ohun tó rí. Ní ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ Áfíríkà, fọ́nrán inú ewé yìí ni wọ́n fi ń ṣe ọsán ọrun. Okùn tó ta ọfà kò ní ṣàìlè gbé àjà yàrá.

A ti wo kátọ́ọ̀sì náà, èyí tí ara rẹ̀ pẹlẹbẹ bí abẹ̀bẹ̀. Bó bá gbẹ tí ẹran ara rẹ̀ jẹrà tán, àwọ̀n bíi kànìnkànìn ló ń kù nínú rẹ̀. Àwọn olùwádìí ní Tùnísíà àti Àljéríà ti fi fáíbà rẹ̀ sínú ike láti mú ike náà le. Ohun dáradára ni, ṣùgbọ́n ẹ̀gún rẹ̀ pọ̀, fọ́nrán rẹ̀ kò sì gùn tó fún ọwọ́ wa. Sísàlì, tó wá láti Mẹ́síkò, ló bá ọ̀já ìkòokò dọ́gba. Ní 1893, Richard Hindorf kó ọmọ sísàlì láti Florida lọ sí ilẹ̀ tí à ń pè ní Tànsáníà lónìí. 62 péré ló yè nínú wọn. Láti ara 62 yẹn ni oko sísàlì ńláńlá agbègbè Tanga ti bẹ̀rẹ̀.

A kò fi ẹnu lásán wá. A gé ewé ọ̀já ìkòokò, a fi ọ̀bẹ kíkú ha ẹran rẹ̀ kúrò, a sá fáíbà rẹ̀, a sì fi ṣe pátákó POP. Ti àkọ́kọ́ kò dára: oje tí a kò fọ̀ kúrò tán mú kí funfun rẹ̀ yọ àbàwọ́n. Nígbà tí a fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, tí a sì rin ín lómi kí ó má baà fa omi POP mu, àbàwọ́n náà kò yọ mọ́. A gbé e lé búlọ́ọ̀kù méjì pẹ̀lú èyí tí a fi fáíbà ọjà ṣe. Ọmọṣẹ́ kan jókòó lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó já.

Inú ilé nìkan la ní lọ́kàn o. Sìmẹ́ǹtì ní agbára bíi ti omi eérú, ó ń jẹ fọ́nrán ewé bó bá pẹ́, nítorí náà a kò ní sọ pé a ó fi ṣe òrùlé sìmẹ́ǹtì. POP kò ní irú oró bẹ́ẹ̀. Kí omi má ṣáà jò sí i.

Lórí ọ̀rọ̀ odò: lóòótọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ àyíká lé wa níbi tí a ti rẹ ewé sínú ìṣàn omi. Wọn kò ṣẹ̀ wá. Ewé tó bá ń jẹrà nínú omi á rùn, á sì pa ẹja. A ti jáwọ́ níbẹ̀. Kòtò kan tó jìnnà sódò la ń bẹ̀bẹ̀ fún, lórí ilẹ̀ yìí kan náà, níbi tí omi tí a fi fọ fáíbà yóò máa lọ. Ẹran ewé tí a bá ha á di ajílẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ itòsí.

Ìdí tí ilẹ̀ náà fi gbọ́dọ̀ sún mọ́ wa nìyí: nínú 100 kìlógíráàmù ewé sísàlì, nǹkan bíi 4 ló ń di fáíbà. Ìyókù, omi ni àti ẹran ewé. Ta ni yóò máa sanwó ọkọ̀ fún omi? Sísàlì sì tún ń tó ọdún méjì sí mẹ́ta kí ó tó ṣeé gé, torí náà ìwé ọdún kan kò lè ràn wá lọ́wọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kó tó ọdún mẹ́wàá, kí alága mìíràn má baà lé wa kúrò nígbà tí ewé bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbó.

Ẹ bá wa kọ lẹ́tà sí Oke-Ogun Polytechnic ní Ṣakí, kí wọ́n fi ẹ̀rọ wọn dán pátákó POP wa wò. Jíjókòó lé e kì í ṣe òdiwọ̀n, àwa náà mọ̀. Bó bá yege, ẹ fún wa ní kíláàsì kan ṣoṣo ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ẹ bá fẹ́, kí a ṣe àjà rẹ̀. Káńsù á ra POP, àwa á mú fáíbà wá, a kò sì ní gba owó iṣẹ́.

Pátákó méjèèjì ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù akọ̀wé wa. Ọjọ́ tó bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ rán Káńsílọ̀ wá kó wá fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ wọ́n wò.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,

Alága ẹgbẹ́
Akọ̀wé ẹgbẹ́
Bàbá Ìsàlẹ̀, lórúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́