Iṣẹ́ ooru tuntun: ẹ má fi àwa tó ń tún fíríìjì ṣe sẹ́yìn

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá ìròyìn. Ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń tún fíríìjì àti ẹ́sì ṣe ní Tákìé, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ òòjọ́ mi ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín.

Lóṣù tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ṣe fíríìdọ̀mù lọ́wọ́ mi, tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì báyìí, pè mí lórí WhatsApp. Ó kọ ojú fóònù sí ẹ̀yìn ilé kan, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ wò ó, kí lẹ rí?” Mo rí fáànù ńlá kan nínú páálí irin, mo sì rí páìpù kọ́pà méjì tí wọ́n fi rọ́bà dúdú wé, tó gba ara ògiri wọlé lọ. Mo ní, “Ẹ́sì ni.” Ó ní rárá o, ohun tó ń mú ilé gbóná nígbà òtútù ni, heat pump ni wọ́n ń pè é. Ó ní méjì lòun ti fi síbẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, àti pé kò sí ohun tó wà nínú rẹ̀ tí mi ò ti fi hàn án ní ṣọ́ọ̀bù wa. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí kò ti kúrò lọ́kàn mi.

Ẹni tó bá ní fíríìjì nílé lè yẹ ohun tí mò ń sọ wò fúnra rẹ̀. Ẹ na ọwọ́ sẹ́yìn rẹ̀ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ fọwọ́ kan irin wẹ́wẹ́ tó wà níbẹ̀. Ẹ ó rí i pé ó gbóná. Inú fíríìjì ni ooru yẹn ti wá. Ara omi àti ọbẹ̀ tí ẹ gbé síbẹ̀ ni gáàsì ti gbà á, tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ sì tì í wá sẹ́yìn. Ohun tí heat pump ń ṣe náà nìyẹn. Ìta ilé ló sọ di inú fíríìjì: ìwọ̀nba ooru tó wà nínú afẹ́fẹ́ ìta, àní nígbà tí òtútù bá mú, ló ń ṣà, tó ń kó wọlé. Nítorí pé ńṣe ló ń kó ooru láti ibì kan lọ síbòmíràn, iná mànàmáná ìwọ̀n kan lè gbé ooru ìwọ̀n mẹ́ta wọlé. Wáyà bọ́ílà tí a ń tì bọ báàkẹ́ẹ̀tì omi ìwẹ̀, ooru ìwọ̀n kan ló máa rí mú jáde nínú iná ìwọ̀n kan, kò lè jù bẹ́ẹ̀ lọ láéláé.

Ìdí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń sáré sí i ni pé gáàsì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ilé wọn ń jó láti fi gbóná, èéfín rẹ̀ sì wà lára ohun tó ń da ojú ọjọ́ rú fún gbogbo ayé. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ni ìjọba ibẹ̀ ti ń fún onílé ní England àti Wales ní ìrànwọ́ 7,500 pọ́n-ùn tó bá yọ bọ́ílà gáàsì, tó fi heat pump dípò. Lọ́dún 2020, wọ́n sọ pé àwọn fẹ́ kó tó 600,000 tí wọn yóò máa fi sílé lọ́dún kan tó bá fi máa di 2028. Ta ló máa fi wọ́n sí i? Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tún bọ́ílà ṣe níbẹ̀ kò fọwọ́ kan gáàsì fíríìjì rí. Àwa ńkọ́, òun la fi ń jẹun.

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ni pé ọdún mẹ́ta ló fi gbé ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí kan kó tó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́. Ó lè jó páìpù kọ́pà pọ̀ kí ẹ má rí ojú àpá. Ṣùgbọ́n òfin wọn ni pé ẹni tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí kò gbọdọ̀ tú gáàsì, kò sì gbọdọ̀ dà á, kò sì sí ìwé kankan lọ́wọ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti fíríìdọ̀mù tí èmi fọwọ́ sí. Nígbà tó wá rí owó ẹ̀kọ́ ìwé náà san, ọjọ́ márùn-ún ló gbà á. Ọdún mẹ́ta lábẹ́ ẹrù, nítorí ohun tí kò ju ọjọ́ márùn-ún lọ.

Mi ò kọ lẹ́tà yìí torí kí gbogbo ọmọ wa lè japa o. Iṣẹ́ ooru wà nílé níbí, ó sì pọ̀. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dé gan-an nìyẹn.

Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ. Láfún ni ọkà wa. Ìyá mi ṣe láfún tà lọ́jà Wàásò títí àgbà fi dé sí wọn. Pákí tí wọ́n bá ti rẹ fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, orí àpáta ni wọ́n ń sá a sí, tàbí ẹ̀gbẹ́ títì ọ̀dà, níbi tí eruku mọ́tò àti ewúrẹ́ ti ń bá wọn dá sí i. Lọ́dún kan, nínú oṣù Kẹsàn-án, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin láìdá. A kó láfún wọlé, a tẹ́ ẹ sórí ẹní ní pálọ̀, sórí bẹ́ẹ̀dì, sábẹ́ tábìlì. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Ó kọ́kọ́ funfun bí òwú, ó wá rí bí àwọ̀ ewé, lẹ́yìn náà ni dúdú yọ lójú rẹ̀, gbogbo ilé sì ń kan. Ìyá mi jókòó sórí àpótí, wọ́n ń fi ọ̀bẹ họ ọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bóyá a ó rí díẹ̀ tà níbẹ̀. A ò rí nǹkan kan tà. Owó ilé ìwé mi fún sáà yẹn ló bá a lọ. Títí dòní, bí òjò bá ti ṣú ní irú àkókò yẹn, àwọn ìyá kan ṣì ń sáré kó láfún nílẹ̀ ní ìlú yìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ̀rọ yìí lè ṣe sí i. Ẹ ronú kan yàrá kékeré tí a dí gbogbo ojú rẹ̀, tí a to láfún sórí pẹpẹ alásẹ́ nínú rẹ̀. Fáànù ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná gba ara láfún kọjá, afẹ́fẹ́ náà ń gba omi ara rẹ̀. Tó bá dé ibi páìpù tútù, omi náà á máa kán sínú báàkẹ́ẹ̀tì, bí ara ike omi tútù ṣe máa ń làágùn lórí tábìlì. Afẹ́fẹ́ tó ti gbẹ á wá gba ibi páìpù gbígbóná padà sára láfún. Páìpù tútù àti páìpù gbígbóná, ara ẹ́sì kan náà ni méjèèjì wà. Àwa la máa ń ju ooru rẹ̀ dà nù síta lójoojúmọ́. Kì í sì í ṣe àlá. Heat pump àkọ́kọ́ tí a gbọ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe, tí Peter von Rittinger ṣe ní nǹkan bí ọdún 1856 ní Ebensee, lórílẹ̀-èdè Austria, omi iyọ̀ ni wọ́n fi ń mú gbẹ kí iyọ̀ lè kù sílẹ̀. Kó tó di pé ó ń mú ilé ẹnikẹ́ni gbóná ló ti ń mú nǹkan jíjẹ gbẹ.

Mi ò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, oòrùn Ọlọ́run tó, ọ̀fẹ́ sì ni. Àkókò òjò ni ẹ̀rọ yìí wúlò fún. Kò sì lè yan gàrí, iná àgbàdá gàrí le ju agbára rẹ̀ lọ. Àdògán tó ń dín igi kù ló yẹ àwọn ìyá tó ń yan gàrí, iṣẹ́ àwọn alájòópọ̀ irin wa sì nìyẹn.

Wọn á ní iná ńkọ́? Òótọ́ ni. Nígbà tí wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù lójúmọ́, lọ sí 225 náírà fún yúníìtì kan lóṣù Kẹrin ọdún 2024, àwọn oníbàárà mi kan pa ẹ́sì wọn tì. Ṣùgbọ́n iná tó wọ́n gan-an ló jẹ́ kí ẹ̀rọ yìí lérè. Ẹ wo àwọn ilé ìtura tó wà lọ́nà Under-G. Láti mú kí 100 lítà omi fi ọgbọ̀n dígírì Celsius gbóná sí i, kí àlejò lè fi omi tútù là á wẹ̀, wáyà bọ́ílà máa jẹ yúníìtì mẹ́ta àtààbọ̀, èyí tó ń lọ sí 800 náírà ní iye yẹn. Heat pump kò ní jẹ ju nǹkan bíi 270 náírà lọ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń gbóná omi fún ogún yàrá lójoojúmọ́ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Omi gbígbóná tún ṣeé fi pamọ́ sínú táǹkì tí a fi fóòmù wé. Lọ́sàn-án tí sólà bá lágbára ni ẹ̀rọ á ṣiṣẹ́, lálẹ́ ni àlejò á wẹ̀.

Ọ̀rọ̀ gáàsì ló kù, kò sì rọrùn fún mi láti sọ. R22 tí a ń dà sí ẹ́sì láti ọjọ́ pípẹ́, kílò kan rẹ̀ tó bá tú sáfẹ́fẹ́ ń mú ayé gbóná bíi 1,800 kílò afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù. Èmi náà ti tú u dànù láìmọye ìgbà. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn: yọ nọ́ọ̀tì, jẹ́ kó lọ. Ó dùn mí nígbà tí mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Nísinsìnyí tí gbogbo ayé ti fẹnu kò ní Kigali, lórílẹ̀-èdè Rwanda, lọ́dún 2016 láti dín irú àwọn gáàsì tó rọ́pò rẹ̀ kù, gáàsì mìíràn tí wọ́n ń pè ní R290 ló ń bọ̀ nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. Kò fi bẹ́ẹ̀ mú ayé gbóná, ṣùgbọ́n ó ń gbiná bíi gáàsì ìdáná. Ẹni tó bá gbé iná sí páìpù rẹ̀ láìtíì kó gáàsì inú rẹ̀ tán, ojú rẹ̀ ló fi ń ṣeré. Nítorí náà, nílé níbí gan-an, ẹ̀kọ́ tuntun ti di dandan fún wa.

Ètò ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ tí NBTE, àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ń bójú tó wà nílẹ̀, ó sì fàyè gba kí wọ́n dán ẹni tó kọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù wò, kí wọ́n fún un ní ìwé ohun tó mọ̀. Ohun tí mò ń bẹ ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fún ni pé kí wọ́n gbé ibi ìdánwò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ fún iṣẹ́ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí wọ́n fi heat pump kún ohun tí wọ́n ń kọ́ni, kí wọ́n sì ra ẹ̀rọ tí a fi ń fa gáàsì pamọ́, méjì tàbí mẹ́ta, tí gbogbo ẹgbẹ́ wa lè máa yá lò. Kò sí ẹni tó lè dá a rà nínú wa. Àwọn ọmọbìnrin méjì ló wà lára ọmọ iṣẹ́ mi báyìí, ọ̀kan nínú wọn sì ti ń jó kọ́pà ju èmi lọ. Mi ò fẹ́ kí òun náà lọ fi ọdún mẹ́ta gbé ẹrù níbikíbi.

Ní ti yàrá tí a ó ti máa mú láfún gbẹ, yunifásítì LAUTECH wà láàárín wa láti 1990, wọ́n ń kọ́ ẹ̀rọ níbẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ ìmọ̀ oúnjẹ. Bí olùkọ́ kan níbẹ̀ bá ka lẹ́tà yìí, kí ó jọ̀wọ́ wá sí Tákìé. Mo ní kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ mẹ́ta tó ṣì dára tí mo yọ lára ẹ́sì àlòkù, mo ní fáànù, mo ní páìpù. Yàrá kan ṣófo lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi. Ohun tí mi ò mọ̀ ni bí ooru ṣe yẹ kó pọ̀ tó tí láfún kò fi ní yí adùn padà, àti iye wákàtí tó yẹ kó lò níbẹ̀. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó tán, a ó ti mọ̀ ọ́n kí òjò tó dé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá oní-fíríìjì kan,
Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́.